Àníkẹ́ Méjì, Màmá Kan

Ọ̀rọ̀ tí màmá mi àgbà sọ kẹ́yìn láyé yìí, etí ọmọ kọ́ ló bọ́ sí, etí ọmọ-ọmọ kọ́. Etí arúgbó Gẹ̀ẹ́sì kan ló bọ́ sí, ní abúlé kan ní Kenti tí àgùntàn ibẹ̀ pọ̀ ju èèyàn lọ. N kò ní dárúkọ abúlé náà. Ohun tó ti gbà lọ́wọ́ wa ti tó, kò ní gba òkìkí mọ́ ọn.

Àwọn tó ń kọ ìrántí òkú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìbí, wọ́n á gba ilé ìwé kọjá, wọ́n á dé orí ìgbéyàwó. Ẹni tó bá fẹ́ ìyẹn, kó lọ bá Daddy mi, àkọ́bí wọn, kó bèèrè. Èmi ní tèmi, owú ni mo fẹ́ fi rántí Màmá, torí owú wọn ni mo ń jẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mo sì ń jẹ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí tí wọ́n ti wà nínú ilẹ̀ ní Plumstead.

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi orúkọ bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àdúrà ni wọ́n ń pe Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Woolwich, nítòsí Dockyard. Èmi, ní ilé ìwé, Démi ni mí. Mummy mi a máa pè mí ní Démiládé nígbà tí inú bá ń bí wọn. Daddy kò fi oríkì pè mí rí. Wọ́n ní ẹnu ìyá àwọn ló ti ń dùn. Nítorí náà, ní gbogbo London pátá, ẹnu kan ṣoṣo ló ń pe Àníkẹ́. Láàárọ̀, kí n tó kúnlẹ̀ tán, wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀: "Àníkẹ́ mi, Àníkẹ́ ọmọ dáadáa, ṣé o jí?" Orí mi á wú. Bí mo bá ń sunkún, orúkọ yẹn náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ wúkọ́ díẹ̀, wọ́n á máa fọwọ́ gbá mi lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí ẹkún á fi dá.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Káyọ̀dé, ẹran ni ìjà wa. Màmá kì í gé ẹran fún wa. Odindi kan ni wọ́n á gbé sínú abọ́, wọ́n á na ọ̀bẹ sí mi. Òfin wọn ni pé ọmọdé ló ń pín, àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Ọdún mélòó ni Káyọ̀dé fi jù mí lọ? Ọdún kan ààbọ̀! Síbẹ̀ òun ni àgbà. Mo ní, "Màmá, it's not fair now, ìyà lẹ fi ń jẹ mí." Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe di ẹni tó ń wo ẹran bí télọ̀ ṣe ń wo aṣọ, kí apá kan má baà fi ìwọ̀nba eyín ju èkejì lọ, torí mo mọ̀ pé ọ̀kánjúà yẹn ló máa kọ́kọ́ nawọ́. Ọjọ́ tí mo pín in tó gún régé tí Káyọ̀dé kò mọ èyí tó máa mú, Màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ̀ pé òun kọ́ ni yóò kọ́kọ́ mú, á pín in dọ́gba."

Nígbà tí mo kéré, ọ́fíìsì ni wọ́n ń gbá ní Woolwich, wọ́n á sì ti wálé kí n tó jí. Ìgbà tó yá ni wọ́n lọ gba iṣẹ́ care, ìyẹn títọ́jú arúgbó, èyí tí èèyàn ń sùn sí ilé ẹni tó ń tọ́jú. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́hùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa ní Thamesmead. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: abúlé gba méjì, èmi gba ẹyọ kan. Tí ọjọ́ bá pé, a ó sìn wọ́n lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin Abbey Wood, lásìkò tí wọ́n ń gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ nítorí ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń sọ pé ó ń bọ̀. Màmá ò jẹ́ sọ pé ó dàbọ̀. Wọ́n ní ẹni tí kò ní padà ló ń sọ ọ́. "Mò ń bọ̀" ni tiwọn. Wọ́n á ti wọlé sínú ọkọ̀, ìró á ti dún, ilẹ̀kùn á ti pa dé, ẹnu wọn á sì máa sọ ọ́ lẹ́yìn gíláàsì: "Mò ń bọ̀."

Orúkọ arúgbó náà ni Dọ́rọ́tì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo wà ní Australia, iyè rẹ̀ sì ń ra díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé n kò pè é ní "wọ́n" bó ṣe yẹ kí ọmọ tí a kọ́ pe àgbà. Mo mọ̀. Ẹ fi mí sílẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, Màmá kórìíra abúlé yẹn, inú mi sì dùn dé ọrùn. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ àfi ní ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń sin òkú sí. Ibẹ̀ ni Màmá á dúró sí pè wá. "Àníkẹ́, àárín sàréè ni mo wà o, sọ̀rọ̀ kíá." Wọ́n ní kò sí iná lójú títì, tí aago mẹ́rin bá ti lù nígbà òtútù, òkùnkùn á bo gbogbo ibẹ̀ biribiri. Wọ́n ní ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ pọ̀ débi pé àwọn ń gbọ́ bí etí àwọn ṣe ń hó. Àwọn èèyàn ibẹ̀ á kí ọ, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á kí ajá ara wọn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, wọ́n á sì kọjá. Kò sẹ́ni tó ń yà sílé ẹnì kan láìjẹ́ pé wọ́n ti dá ọjọ́. Màmá tí ilẹ̀kùn wọn ní Thamesmead kì í sinmi, tí àwọn ará ìjọ ń wọlé wá jẹun láìkan ilẹ̀kùn! Wọ́n ní, "Àníkẹ́, ilé tí èèyàn ò lè ṣèèṣì yà sí, ṣé ilé nìyẹn?" Mo ní rárá o, Mà, ẹ máa bọ̀ nílé.

Ẹyin ló ba ọ̀rọ̀ jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ìkóríta kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Dọ́rọ́tì. Láàárọ̀ kùtù ọjọ́ kan, Màmá jáde láti da ilẹ̀ nù, wọ́n rí tábìlì kékeré kan ní ìkóríta náà. Àwo funfun wà lórí rẹ̀, ẹyin wà nínú àwo. Agolo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo, owó ẹyọ wà nínú agolo. Kò sí ẹ̀dá Ọlọ́run kankan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun: ẹyin, owó ẹyọ, ìkóríta, àárọ̀ kùtù. Kí lẹ fẹ́ kí ọmọ Yorùbá pè é? Màmá sá padà wọlé. Wọ́n wọ sùtánà, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n gbé ike omi àdúrà àti agogo kékeré wọn, wọ́n sì jáde sínú ìrì láti lọ pàdé ọ̀tá. Wọ́n ń lu agogo, wọ́n ń wọ́n omi, wọ́n ń ka Sáàmù karùndínlógójì pẹ̀lú ohùn tí gbogbo ìjọ Woolwich mọ̀.

Bàbá kan yọ láti ilé òdìkejì pẹ̀lú aṣọ ìsùn, ó ń bèèrè bóyá ara wọn yá. Màmá kígbe pé, "Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án! Ẹnìkan fẹ́ pa yín!"

Adìẹ bàbá náà ló yé e. Ó gbé e síta kí ẹni tó bá fẹ́ mú, kó sì ju owó sínú agolo. Màmá bèèrè pé ta ló ń ṣọ́ ọ. Ó ní kò sẹ́ni. Màmá tún bèèrè. Ó ní kò sẹ́ni, kò sì sẹ́ni tó jí i rí. Màmá ní ṣe ni àwọn dúró síbẹ̀ láìwọ bàtà, tí àwọn ń wò ó lójú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yẹn ti ń gbé ẹyin wá fún wọn ní gbogbo Friday. Wọ́n sọ ọ́ ní Baba Ẹlẹ́yin, òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín la fi gbọ́ ìtàn yẹn, Daddy mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga, àfi èmi tó gbọ́ ohun tí Màmá fi parí rẹ̀: "Ibi tí ẹyin ti ń sun ìta tí kò sẹ́ni tó gbé e, Àníkẹ́, ó yẹ kí èèyàn fara balẹ̀ wo ibẹ̀."

Wọ́n sì fara balẹ̀ wò ó, ọdún mẹ́fà. Díẹ̀díẹ̀ ni abúlé yẹn ń gbà wọ́n. Wọ́n á dé Thamesmead, wọ́n á ní ariwo pọ̀. Ẹni tó ń gbé òkè wa ń fi gìgísẹ̀ rìn, ọkọ̀ ọlọ́pàá ń han, bọ́ọ̀sì ń mí gùdù. Ariwo tó ti wà níbẹ̀ látọjọ́ tí wọ́n ti bí mi! Wọ́n á dúró lẹ́nu fèrèsé, wọ́n á máa gbọ́ igbe àwọn pẹ́pẹ́yẹ ńlá tó wà lórí adágún omi, mo sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ wa kọ́ ni ọkàn wọn wà. Wọ́n ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ibẹ̀ dà bí ti oko bàbá àwọn, pé òórùn ìgbẹ́ màlúù ń mú inú àwọn dùn. Ìgbẹ́ màlúù, tí wọ́n ń fi turari sí gbogbo yàrá wa! Ní ọjọ́ kan mò ń kánjú jẹun, Màmá ní, "Rọra. Ní ọ̀dọ̀ wa, a kì í sáré." Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo ní, "Ọ̀dọ̀ wa èwo, Mà?" Wọ́n kàn bu omi mu.

Daddy náà bá wọn jà. Wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́, kí Màmá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí wọ́n jókòó ti ọmọ-ọmọ wọn. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n tún gèlè wé. Wọ́n ní, "Ta ni yóò máa rẹ Dọ́rọ́tì lẹ́kún nírọ̀lẹ́?" Mo wà nínú yàrá nígbà tí wọ́n sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó bèèrè lọ́wọ́ mi bóyá èmi náà ń sunkún.

Mo dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà ayé wọn, nígbà ọlidé, lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Mo fẹ́ lọ kórìíra ibẹ̀ fúnra mi. Ó ṣòro. Òdòdó ń bẹ lára ògiri gbogbo ilé, ẹyẹ ń ké, àwọn èèyàn ń pe Màmá láti ọ̀ọ́kán. Obìnrin kan gbé jáàmù wá, òmíràn dá ẹṣin dúró láti kí wọn. Wọ́n mọ̀ pé eékún òsì ló ń dùn wọ́n. Èmi tí mò ń bá wọn fi òróró pa eékún, mi ò mọ̀ pé òsì ni! Mò ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí gbogbo wọn.

Ìrọ̀lẹ́ wá lẹ́. Dọ́rọ́tì jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Á máa wá ilé tó ti kúrò nínú rẹ̀ lọ́mọdé. Màmá fa àga tiwọn súnmọ́ ọn. Wọ́n wúkọ́ díẹ̀. Wọ́n nawọ́, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Wọ́n ní, "Àníkẹ́. Àníkẹ́ mi."

Mo kọ́kọ́ dáhùn. Àfi bí mo ṣe rí i pé èmi kọ́. Arúgbó náà ló gbé orí sí èjìká màmá mi, lábẹ́ orúkọ mi, tí ẹkún rẹ̀ sì ń rọlẹ̀.

Mo jáde. Mo gbá ilẹ̀kùn dé gbàmù. Ní Thamesmead, bí èèyàn bá fi ìbínú jáde, bọ́ọ̀sì á ti gbé e lọ kí wọ́n tó mọ̀ pé ó bínú. Ní abúlé yẹn, wákàtí méjì ló kù kí bọ́ọ̀sì dé. Mo jókòó ti ìbínú mi ní ibùdókọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹrù, àgùntàn méjì ń wò mí. Nígbà tó yá, Màmá dé pẹ̀lú súẹ́tà mi. Wọ́n jókòó tì mí.

Mo ní, "Ẹ fún un lórúkọ mi."

"Mo fún un."

"Orúkọ mélòó ló wà ní ilẹ̀ Yorùbá, Mà? Ẹ ò rí Àdùkẹ́? Ẹ ò rí Àbẹ̀kẹ́? Tèmi náà lẹ rí fún òyìnbó!"

Wọn ò bínú. Ì bá sàn kí wọ́n bínú. Wọ́n gbé súẹ́tà lé mi léjìká, wọ́n ní, "Ẹnu mi ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n fi ń rẹ èèyàn lẹ́kún."

N kò dárí jì wọ́n. N kò tíì dárí jì wọ́n.

Ìrọ̀lẹ́ Friday kan ni wọ́n kú, lórí àga yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yẹn. Ọjọ́ kejì ló yẹ kí wọ́n wálé. Mo ti gé ilá sílẹ̀ dè wọ́n. Baba Ẹlẹ́yin ló gbé ẹyin wọlé tó bá wọn, ó ní ṣe ló dà bí ẹni tó ń tòògbé, Dọ́rọ́tì sì di ọwọ́ wọn mú gírígírí. Èmi wà ní Thamesmead, mò ń fọ ìkòkò.

Àwọn ará abúlé wá sí ìsìnkú, ọkọ̀ kékeré kan kún fún wọn. Wọ́n gbé òdòdó tó pọ̀ ju ti gbogbo wa lọ wá. Baba Ẹlẹ́yin gbé odindi kíréètì ẹyin wá, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé òkú. Kí ẹ wá wo àwọn ìyá ìjọ! Wọ́n fò sẹ́yìn, ẹnìkan ti ń wá omi àdúrà, òmíràn ti gbé Sáàmù. Mo rẹ́rìn-ín lójú ẹkún, mo sì wo ẹ̀yìn kí n lè sọ ọ́ fún Màmá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, Baba Ẹlẹ́yin pe Daddy. Ó ní láti ọjọ́ tí Màmá ti kú, tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, Dọ́rọ́tì á máa sọ nǹkan kan, nǹkan kan náà, kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ. Ó ní òun rò pé èdè wa ni, pé bóyá òun ni ohun tí Màmá sọ kẹ́yìn. Daddy gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ń wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Mi ò lè… mi ò lè lọ, Démi. Ìwọ lọ. Ìwọ ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀ jù."

Mo lọ. Ẹ má rò pé àánú ló gbé mi lọ o. Ẹrù mi ni mo fẹ́ lọ gbà. Ọ̀rọ̀ màmá mi wà lẹ́nu ẹlòmíràn, mo fẹ́ gbọ́ ọ, kí n kó o, kí n sì bá bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn padà.

Dọ́rọ́tì kò dá mi mọ̀. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ báyìí fún mi ní tíì, ó padà sí kíṣìnì. Àga Màmá ṣì wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sórí rẹ̀. Èmi jókòó sórí rẹ̀. Oòrùn ń wọ̀ lẹ́yìn pápá, ẹyẹ ìwò ń padà sórí igi ṣọ́ọ̀ṣì, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sì wọlé bí àlejò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Lẹ́yìn náà ó wúkọ́ díẹ̀.

Ó ní, "Àníkẹ́. Má sunkún mọ́. Mò ń bọ̀."

Ohùn Màmá ni. Kò yẹ̀ níbì kankan. Ohùn tí n kò gbà sórí fóònù mi rí, tí mo ti ń wá láti ọjọ́ ìsìnkú, òun ló wà lẹ́nu rẹ̀ yìí. Kí n tó mọ̀, orí eékún mi ni mo bá ara mi. Mo ní, "Mà."

Èwo nínú àwa méjì ni Màmá ń bá wí? Ẹkún ń bẹ lójú tirẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lè jẹ́ òun. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kejì ni Màmá ń bọ̀ nílé, èmi ni wọ́n ń bọ̀ wá bá. Mo fẹ́ ẹ. Gbogbo rẹ̀ ni mo fẹ́. Mo wo arúgbó náà bí mo ṣe máa ń wo Káyọ̀dé.

Àfi bí mo ṣe rántí ọ̀bẹ.

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo pín in, mo sì pín in dọ́gba. Mo sọ ọ̀kan fún un: "Má sunkún mọ́." Ó mi orí, ẹkún rẹ̀ ń le sí i. Mo sọ èkejì: "Mò ń bọ̀." Ojú rẹ̀ là. Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó fún ọwọ́ mi, ó ń sọ ọ́ tẹ̀lé mi, mò ń bọ̀, mò ń bọ̀, títí ẹkún rẹ̀ fi dá. Mo pè é ní Àníkẹ́ kí n tó dìde. Kò rọrùn.

Àgbà ni Dọ́rọ́tì. Wọ́n kọ́kọ́ mú. Wọ́n mú "Mò ń bọ̀." Èmi gbé "Má sunkún mọ́" wọ bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn, mo gbé e dé Abbey Wood, mo gbé e dé ilé. Ìpín tèmi nìyẹn, ó wà níbẹ̀. N kò tíì lè lò ó.